Ẹ ka àwọn tó wà lẹ́yìn yín kẹ́ ẹ tó fowó lé e

L'Ẹ̀rúnmu, níjọba ìbílẹ̀ Ẹgbẹ́dá, ẹni tó ń ṣe gàrí mọ bó ṣe máa ń rí kéèyàn dá owó lé oko ẹ̀gẹ́ tí wọn ò tíì hú. Ewé àti igi lonítọ̀hún rí, kò rí ohun tó wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá hú ebè mẹ́ta wò, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀. Ẹni tó bá fowó lé e ṣáájú ìgbà yẹn lè lé àwọn tó fẹ́ bá a du oko náà lọ, ó sì lè jin ara ẹ̀ sí kòtò.

Eré káàdì tí wọ́n ń pè ní póòkà, èyí tó gbilẹ̀ láti Amẹ́ríkà, fara jọ èyí. A ò ní kẹ́ ẹ lọ ta tẹ́tẹ́ o. Ìṣirò inú ẹ̀ la fẹ́ kẹ́ ẹ mú.

Èèyàn mẹ́sàn-án jókòó yí tábìlì ká. Wọ́n pín káàdì méjì méjì fún kálukú, kò sẹ́ni tó mọ tẹnì kejì. Ṣùgbọ́n dandan ni kí èèyàn méjì ti gbówó kalẹ̀ kí wọ́n tó pín in. Ká ní ọ̀kan gbé N50, èkejì gbé N100. N150 nìyẹn láàárín. Àwọn méjì yìí ló ń sọ̀rọ̀ kẹ́yìn lákọ̀ọ́kọ́. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n á ṣí káàdì mẹ́ta sáàárín.

Ẹ wo ẹni karùn-ún tó máa sọ̀rọ̀. Àwọn mẹ́rin tó ṣáájú ti ju káàdì wọn sílẹ̀, ó ku mẹ́rin lẹ́yìn. Ó gbé N250 kalẹ̀. Bí àwọn mẹ́rin yẹn náà bá jù ú sílẹ̀, N150 di tiẹ̀.

Ká ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́wàá ni káàdì tó ṣeé fi dúró máa ń bọ́ sọ́wọ́ èèyàn. Nínú ìgbà 100, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jù ú sílẹ̀ ní bí ìgbà 66, èrè N9,900. Ní ìgbà 34 tó kù, ẹnì kan á dúró. Ká tiẹ̀ ní gbogbo N250 ọ̀hún ló ń ṣòfò lásìkò yẹn, N8,500 ló lọ. Èrè N1,400 ṣì wà ńbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ ló gbé N250 yìí kan náà, èèyàn mẹ́jọ ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ìgbà 43 péré ni gbogbo wọn á jù ú sílẹ̀, àdánù N7,800 ló máa bá délé. A tún un ṣírò lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá wa lójú.

Iye owó náà ṣe kókó. Kí ẹni karùn-ún gbé N300 dípò N250, èrè ẹ̀ ti di àdánù N300 nìyẹn.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dúró lówó máa ń ṣòfò. Bó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ti gbówó kalẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìkan ló dúró, òun ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣí káàdì mẹ́ta. Ẹni karùn-ún á ti gbọ́ tẹnu ẹ̀ kó tó dáhùn.

Àmọ́ ẹni tówó ẹ̀ ti wà nílẹ̀ kì í tètè lọ, bí ẹni tó ti sanwó ọkọ̀ akẹ́rù wá sídìí oko ẹ̀gẹ́ kì í ṣeé fẹ́ padà lófìfo. Bí irú wọn ló pọ̀ nínú àwọn mẹ́rin tó kù, tí kálukú ń dúró lẹ́ẹ̀mejì nínú mẹ́wàá, ìgbà 41 ni wọ́n á jù ú sílẹ̀ nínú 100, N250 yẹn á sì di àdánù N8,600.