Orí Àáké Kì í Dédé Bọ́

Ọkùnrin kan tó ní oko kajú lọ́nà Ìkòyí, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ló kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ra àáké pélébé kan, irú dúdú tí àwọn sójà òyìnbó ń fi kọ́ ìgbànú, tí wọ́n ń pè ní tomahawk. Òun ló fi ń gé ẹ̀ka, òun ló fi ń la igi ìdáná, òun náà ló ń gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lálẹ́ nítorí olè. Èèkù rẹ̀ ṣẹ́, ó gbé e lọ fún kápẹ́ńtà, ìyẹn bá a ki òmíràn sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó kàn gbé e sókè ni, orí àáké bá fò, ó gba ẹ̀gbẹ́ etí ọmọ tó ń bá a ṣa igi kọjá, ó lọ sọ lára igi kajú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ayédèrú irin ni wọ́n tà fún mi ni?"

Àbúrò, irin ò ṣẹ̀ ọ́. Ìwọ àti kápẹ́ńtà rẹ lẹ jọ ṣẹ irin.

Mi ò ní kọ́ ẹnikẹ́ni bí a ṣe ń pọ́n àáké o. Ẹni tó dàgbà nílẹ̀ yìí tí kò mọ ìyẹn, kó lọ bi ìyá àgbà rẹ̀. Ibi tí igi àti irin ti pàdé ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n ń gbà pàdé, ohun tó sì ń mú ọ̀kan le ló ń tú òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká mú tiwa ṣáájú. Àáké ìbílẹ̀ tí alágbẹ̀dẹ ń rọ ò ní ihò kankan lórí. Ẹnu rẹ̀ fẹ̀, ìdí rẹ̀ sì tín-ín-rín lọ sẹ́yìn bí ìrù alángbá. Igi ló ní ihò. Wọ́n á gbẹ́ èèkù tí orí rẹ̀ ṣe kókó bí orí kùmọ̀, wọ́n á fi irin gbígbóná jó ihò sínú kókó yẹn, wọ́n á wá ki ìrù irin bọ̀ ọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹnu bá balẹ̀ lára igi, ìrù á tún sún sẹ́yìn, á tún há sí i. Iṣẹ́ gan-an ló ń dè é. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń wá ìdí igi, níbi tí gbòǹgbò ti lọ́ mọ́ra, láti fi gbẹ́ orí èèkù: bí ìṣàn igi bá tọ́ gbọọrọ, ìrù irin tó ń sún sẹ́yìn yẹn á là á sí méjì bí ẹni la obì. Tí àáké yìí bá kọ́ sínú ìtì igi, tí ẹ fà á, irin lè dúró síbẹ̀ kí èèkù bá yín bọ̀ wálé, ṣùgbọ́n kì í sábà fò lọ bá ẹni tó dúró lókèèrè.

Ẹdùn àrá tí wọ́n ń tọ́jú sójúbọ Ṣàngó náà, àwọn awalẹ̀pìtàn ní orí àáké òkúta àwọn ará àtijọ́ ni. Púpọ̀ nínú wọn ò ní ihò. Igi ló gbé àwọn náà mì. (Mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ibi tó ti já bọ́ o.)

Àáké òyìnbó yí i padà. Irin ló ní ihò, èèkù sì ń gba abẹ́ wọlé. Wọ́n á la orí èèkù díẹ̀, wọ́n á gbá igi pẹlẹbẹ kan sí àárín rẹ̀ kó lè fẹ̀ mọ́ irin lára. Igi pẹlẹbẹ yẹn ni gbogbo ẹ̀mí wa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá ti yọ, ó parí.

Tomahawk gidi ò sí nínú méjèèjì yìí. Àbúrò dígà ni. Ẹ lọ wo dígà tí àwọn lébìrà fi ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé: èèkù rẹ̀ ò gba abẹ́ wọlé, òkè ló ti ń wọ̀. Wọ́n á ti ìdí èèkù tó tín-ín-rín bọ ihò láti òkè, wọ́n á fà á wálẹ̀ títí orí tó nípọn fi há gádígádí. Bí ẹ bá jù ú, irin fẹ́ sá lọ síwájú, ibi tó fẹ́ sá gbà lọ ló sì nípọn jù. Kò sí ìṣó, kò sí igi pẹlẹbẹ. Àwọn onílẹ̀ Amẹ́ríkà ní agbègbè Virginia ló ni orúkọ náà. Àwọn oníṣòwò òyìnbó ló ń kó ti irin wá tà fún wọn. Nígbà ogun Vietnam, ní 1966, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Peter LaGana bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tirẹ̀ tà fún àwọn sójà Amẹ́ríkà. Ẹwà ihò tó gba òkè ni pé bí èèkù bá ṣẹ́ sínú igbó, ẹ̀ka kan tí a fi ọ̀bẹ fá ti tó láti pààrọ̀ rẹ̀.

Kí wá ni kápẹ́ńtà yìí ṣe? Ó mú pákó mẹ̀láínà tó kù nílẹ̀, ó fá a kó lè gba abẹ́ wọlé bíi ti àáké òyìnbó, ó gbá ìṣó mẹ́ta sí i lórí, ó gbowó. Ìṣó ò fẹ igi, ńṣe ló ń là á.

Ìwọ náà wá parí iṣẹ́ fún un. O ní nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, o gbá ìdí èèkù mọ́lẹ̀ bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe. Àáké òyìnbó ni bàbá rẹ ní! Bí ìdí èèkù bá gbá ilẹ̀, èèkù dúró, ṣùgbọ́n irin ò tíì fẹ́ dúró, á yọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ lára igi. Lára àáké òyìnbó, ibẹ̀ ló ti ń nípọn, á há. Lára tomahawk, ibẹ̀ ló ti ń tín-ín-rín, pákó tí wọ́n fá kó lè gba abẹ́ ihò wọlé pàápàá ò sì nípọn tó láti há níbẹ̀, á tú. Béèrè lọ́wọ́ lébìrà èyíkéyìí bó ṣe ń yọ orí dígà rẹ̀ nírọ̀lẹ́: ilẹ̀ náà ló ń gbá a mọ́. Tí tomahawk bá mì, dorí rẹ̀ kodò, kí o gbá orí èèkù tó yọ síta mọ́ ìtì igi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ri orí àáké bọ omi mọ́jú nígbà ọyẹ́, mo ti rí lẹ́tà yín náà. Igi á wú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin ò ní sún fún un, ara igi fúnra rẹ̀ ló máa fọ́ nínú ihò. Bó bá gbẹ lọ́sàn-án, kò ní padà sí bó ṣe wà, á joro ju ti àná lọ, ẹ ó tún rì í bọ omi. Igi àyín tó ti gbẹ dénú, tí a fi òrí pa lórí àti nídìí, ò ní da yín láàmú bẹ́ẹ̀.

Àwọn wẹ́dà tó ń jó orí àáké mọ́ páìpù ńkọ́? Ẹ wo ẹnu rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ṣe tán. Bó bá ti ṣe àwọ̀ aró, líle tí alágbẹ̀dẹ fi iná àti omi kó sí i lára ti lọ. Igi àyín kan péré, á ká bí etí ìwé.

Mo fẹ́ sọ bí a ṣe ń wo ìṣàn igi kí a tó gbẹ́ èèkù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ibùsùn tó wà nínú lẹ́tà yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Àáké tí orí rẹ̀ ń bọ́ lójú ọ̀sán, òkùnkùn lo fẹ́ jù ú sí? Bí o bá jù ú tí o tàsé, apá rẹ ti lọ tán, olè sì ti wọlé sí ọ lára. Bí o bá bà á nígbà tó ti kẹ̀yìn tó ń sá lọ, ìwọ ni adájọ́ máa bi léèrè, torí ipá tó tó láti gba ara ẹni sílẹ̀ ni òfin fọwọ́ sí, kò fọwọ́ sí ẹ̀san. Gbígbé e rìn lójú ọ̀nà tún burú jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ìdigunjalè ka àdá, kùmọ̀, ọ̀kọ̀, àti irin yòówù tó lè ṣeni léṣe mọ́ ohun ìjà. Ọlọ́pàá tó bá sì rí àáké dúdú nínú báàgì ọ̀dọ́mọkùnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ òkùnkùn ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn kó tó rántí kajú. Fi àáké sóko, kí o ra ìlẹ̀kùn tó dáa àti fèrè tí aládùúgbò lè gbọ́.

Yọ ìṣó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kúrò, sọ pákó yẹn síná, gbé irin lọ bá ẹni tó mọ bí a ṣe ń gbẹ́ èèkù dígà. Ọmọ tó ń bá ọ ṣa igi, má ṣe jẹ́ kó dúró níwájú rẹ tàbí lẹ́yìn rẹ mọ́ nígbà tí o bá gbé àáké, torí ọ̀nà méjèèjì yẹn ni orí rẹ̀ ń gbà fò. Ẹ̀gbẹ́ ni kó wà, níbi tó jìnnà dáadáa.