Lenny Henry àti Iṣẹ́ Sísín Èèyàn Jẹ

 

Ní ilé ìwé tí mò ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀, èmi ni wọ́n máa ń bẹ̀ pé kí n sín èèyàn jẹ. Mo lè sọ̀rọ̀ bíi tíṣà wa, mo sì lè polówó ọjà bí àwọn tó ń tajà ní ọjà Deptford. Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan ní, “Ṣe bíi mọ́mì ẹ!” Mo ṣe é. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì mọ́mì mi pariwo pé kí gbogbo wa wá jẹ ẹ̀bà. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, tí mọ́mì bi mí pé báwo ni ilé ìwé, mi ò lè wo ojú wọn.

Mo sọ fún dádì mi. Wọn ò bú mi. Wọ́n kàn ní kí n lọ kà nípa Lenny Henry. Ohun tí mo rí nìyí.

Ìlú Dudley ni wọ́n ti bí Lenny Henry ní 1958. Jàmáíkà ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. Ní 1975, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 16, ó lọ díje ní ètò New Faces lórí ITV. Ìdíje yẹn dà bíi Britain's Got Talent tí à ń wò lónìí. Ó kẹ́yìn sí èrò, ó ń sọ̀rọ̀ bíi Frank Spencer, òyìnbó kan tó máa ń ba gbogbo nǹkan jẹ́ nínú eré apanilẹ́rìn-ín kan tó gbajúmọ̀ nígbà náà. Nígbà tó yíjú padà, tí wọ́n rí i pé ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, ẹ̀rín sọ! Ó sín olórin Stevie Wonder náà jẹ. Òun ló gbégbá orókè.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ẹnu nìkan o. Etí ló kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́. Ibo ni ẹni yẹn ti máa ń mí? Ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́ràn láti máa tún sọ? Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ara: èjìká, ọwọ́, ìrìn ẹsẹ̀. Aláwàdà á wá mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀, á sọ ọ́ di ńlá, kí gbogbo èèyàn lè rí i.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti dun Lenny nìyí. Lẹ́yìn New Faces, wọ́n fi í sínú The Black and White Minstrel Show, eré orí ìtàgé tí àwọn òyìnbó ti ń kun ojú wọn ní dúdú, tí wọ́n ń kọrin, tí wọ́n ń jó. Nǹkan bí ọdún 5 ló fi bá wọn ṣe é. Ó máa ń fi àwọ̀ ara rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kí èrò lè rẹ́rìn-ín. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò dùn. Òun fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé àsìkò yẹn bà á nínú jẹ́ gan-an. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo dákẹ́. Mo mọ irú ẹ̀rín yẹn.

Lenny ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ọ̀nà tó ń gbà ṣe é ló yí padà. Ó wà lára àwọn tó ń ṣe Tiswas, ètò àwọn ọmọdé ní àárọ̀ Sátidé. (Ká ní ìgbà yẹn la wà ni, bóyá ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá pẹ́ dé kíláàsì Yorùbá!) Níbẹ̀ ló ti ń sín Trevor McDonald jẹ, ọmọ Trinidad tó ń ka ìròyìn lórí ITV. Ní 1981, òun pẹ̀lú Tracey Ullman àti David Copperfield bẹ̀rẹ̀ Three of a Kind ní BBC. Nígbà tó di 1984, ó ti ní ètò tirẹ̀, The Lenny Henry Show.

Nínú àwọn èèyàn tó dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀, Delbert Wilkins ni mo fẹ́ràn jù. Ọmọ Brixton ni, ibi tí kò jìnnà sí wa. Ó ń ṣe rédíò tí kò gba ìwé àṣẹ, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọlọ́gbọ́n ni. Àwọn ará Brixton lè wò ó kí wọ́n sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi gan-an nìyí!”

Ó rán mi létí àwọn eégún alárìnjó tí tíṣà wa sọ fún wa nípa wọn. Wọ́n máa ń sín òyìnbó onímú gígùn jẹ, wọ́n sì tún ń sín ọ̀mùtí àdúgbò jẹ. Wọn kì í fi ẹnì kan ṣoṣo ṣe ẹlẹ́yà. Gbogbo ìlú ló ń rí ara rẹ̀ nínú eré náà.

Ní 1985, nígbà tí ìyàn mú ní Etiópíà, Lenny àti Richard Curtis dá Comic Relief sílẹ̀. Òun ló fi jẹ́ pé à ń fi imú pupa lọ sí ilé ìwé lọ́jọ́ Red Nose Day. Ó ń bá wọn ṣe atọ́kùn rẹ̀ títí di 2024. Wọ́n fi í jẹ oyè Sir ní 2015. Ẹ̀yin òbí tó ní àwàdà kì í ṣe iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ èyí: ní 2018, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní yunifásítì Royal Holloway. Dókítà ni!

Lẹ́yìn tí mo kà á tán, mo lọ bá mọ́mì nínú kíṣìnì. Mo sọ ohun tí mo ṣe, mo sì tọrọ àforíjì. Wọ́n ní, “Ó dáa, ṣe é kí n rí i.” Mo ṣe é. Wọ́n wò mí títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n wá ní, “Èmi kọ́ nìyẹn o! Ṣé bí mo ṣe ń pe ẹ̀bà nìyẹn? Tó o bá fẹ́ sín mi jẹ, lọ kọ́kọ́ kọ́ àmì ohùn.”

Ìdí tí mo ṣe ń tètè dé kíláàsì báyìí nìyẹn.