Ṣé O Mọ̀? Láti Ilẹ̀kùn Àrẹògún dé Kọ́bọ́ọ̀dù Ilé Ìdáná Rẹ

Ṣé o mọ̀ pé Èkìtì méjì ló wà? Ọ̀kan ni ìpínlẹ̀ tí Adó-Èkìtì jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1996. Èkejì jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní gúúsù Kwara, níbi tí Òsì àti Ọ̀pin wà. Òkè-Ẹ̀rọ̀, tó ni Ìlọ́fà àti Odò-Ọwá, ni aládùúgbò rẹ̀. Ohùn àwọn ará ibẹ̀ kò jìnnà sí ti Adó, ṣùgbọ́n ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi wọ́n sábẹ́ Ìlọrin. Ìdí nìyẹn tí àwọn mùsíọ́ọ̀mù fi ń kọ "Osi-Ilorin" sára igi gbígbẹ́ tó ti Òsì wá, tí àlejò tí kò mọ̀nà á sì máa wá Òsì kiri ìgboro Ìlọrin.

Igi yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé, òun àti kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè síńkì rẹ.

Ṣé o mọ̀ pé Dàda ni orúkọ àmútọ̀runwá gbẹ́nàgbẹ́nà Òsì tí ayé mọ̀ sí Àrẹògún? Nǹkan bí 1880 ni wọ́n bí i, ó sì kú ní 1954. Ọ̀dọ̀ Bámgbóṣé, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú náà, ló ti kọ́ṣẹ́. Àrẹògúnyánnà ni orúkọ ìnagijẹ náà ní kíkún: ẹni tó ń fi irinṣẹ́ Ògún wá owó, tó sì ń ná an fàlàlà. Káfíńtà òde òní tó gba àsansílẹ̀, tó sì ná an tán kó tó ra pákó, kó má fi orúkọ yìí gbèjà ara rẹ̀ o. Àrẹògún ń parí iṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé kì í gbẹ́ ọjà kalẹ̀ kó máa retí olówó? Ẹni tó fẹ́ iṣẹ́ ló ń wá a wá. Ọba fẹ́ ilẹ̀kùn, babaláwo fẹ́ ọpọ́n, ìdílé kan fẹ́ ère Ẹpa tí wọn yóò gbé sórí jó lọ́dún. Ìwọ̀n oníbàárà àti ìfẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ohun tí àwọn onílé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ń polówó lónìí pé àwọn ń ṣe é "bí o ṣe fẹ́ ẹ", Òsì ti ń ṣe é kí iná mànàmáná tó dé ibẹ̀.

Ilẹ̀kùn Àrẹògún yẹ kéèyàn dúró wò. Ìlà ìlà ló ń to àwòrán sí i, ọ̀kan lórí èkejì, bí ẹni to ẹrù sórí pẹpẹ. Wàá rí ẹni tó ń fa ìkòkò tábà, ológun tó mú èèyàn ní ìgbèkùn, Èṣù fúnra rẹ̀, àti ọkùnrin tó gun kẹ̀kẹ́. Kẹ̀kẹ́ kò tí ì pẹ́ ní ilẹ̀ wa nígbà náà. Ọkùnrin yìí rí i lójú ọ̀nà, ó sì gbé e lọ sára ilẹ̀kùn ààfin láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó bá àṣà mu.

Ṣé o mọ̀ pé irú ilẹ̀kùn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní híńjì? Láti ara pákó kan náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ èèkù kan yọ lókè, òmíràn nísàlẹ̀, tí ìyẹn yóò máa yí nínú ihò. Kò sí irin tó lè dípẹtà níbẹ̀.

Híńjì ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù rẹ ńkọ́? Ṣí ilẹ̀kùn kan kí o wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò róbótó tí híńjì náà jókòó sí sábà máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 35, yálà Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é tàbí Ítálì. Èyí ló jẹ́ kí híńjì tí o rà lọ́jà lónìí lè wọ ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣe lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé babaláwo ti ní dúrọ́ọ̀ ṣíbí kí dúrọ́ọ̀ ṣíbí tó dé? Ọpọ́n ìgèdè Ifá, tó ní ìdérí, máa ń ní yàrá kéékèèké nínú: àárín fún ikin, àwọn yòókù yí i ká fún ẹfun, osùn àti ohun èlò mìíràn. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbẹ́ gbogbo yàrá yẹn sí, kò sí ìṣó, kò sí gúlú. Àrẹògún gbẹ́ irú ọpọ́n bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìyá wa náà ní kọ́bọ́ọ̀dù òkè. Àjà tó wà lókè ààrò ni. Èéfín tó ń gòkè ló ń mú àgbàdo ibẹ̀ gbẹ, tó sì ń lé kòkòrò kúrò lára rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé gbẹ́nàgbẹ́nà ni Bíbélì Yorùbá pe Jósẹ́fù, ọkọ Màríà? Ẹni tó ń gbẹ́ ọnà ni ọ̀rọ̀ yẹn ń tọ́ka sí gan-an. Àwọn atúmọ̀ mú orúkọ oníṣẹ́ ère, wọ́n fi fún ẹni tó ń kan ìjókòó àti àga. N kò rò pé wọ́n ṣìnà, nítorí iṣẹ́ méjèèjì súnmọ́ra ju bí a ti ń rò lọ.

Wò ó báyìí. Kevin Carroll, àlùfáà Kátólíìkì tó bá àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà agbègbè yìí ṣiṣẹ́ fún ọdún púpọ̀, gbé ìwé kan jáde nípa wọn ní 1967. Nínú rẹ̀, ìpele mẹ́rin ni iṣẹ́ wọn ń gbà. Àkọ́kọ́ ni ọnà lílé: àáké ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, títí orí, ìgbáyà àti ẹsẹ̀ ère yóò fi yọ gọnbu gọnbu lára ìtì igi. Ẹnikẹ́ni tó bá ṣì í gé níbẹ̀, igi náà ti di ìdáná. Lẹ́yìn èyí ni àlétúnlé, tí wọ́n tún ń lé ohun tí wọ́n ti lé tẹ́lẹ̀: orí á pín sí ojú, imú àti etí, ọwọ́ á ya kúrò lára. Ìkẹta ni dídán, kí gbogbo ojú igi má ní págunpàgun. Ìkẹrin ni fínfín, níbi tí ẹnu ọ̀bẹ ti ń fa irun orí, ilà ojú àti ìpéǹpéjú. Ọmọ iṣẹ́ lè ṣe díẹ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá kì í kúrò lára ọnà lílé.

Ó dáa. Wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe kọ́bọ́ọ̀dù. Bóòdù ńlá ló ń kọ́kọ́ wọlé, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn. Ayùn ńlá, tí kọ̀ǹpútà ń darí ní ibi tí owó wà, á gé e sí ẹ̀gbẹ́, ìdí, orí àti pẹpẹ. Ọnà lílé nìyẹn. Wọ́n á lẹ téèpù tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ etí tí ayùn gé, gúlú gbígbóná ló ń dè é; wọ́n á lu ihò híńjì àti ihò pẹpẹ; wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di àpótí. Àlétúnlé ni. Wọ́n á fi sáńpépà fá a, wọ́n á fín ọ̀dà sí i, wọ́n á tún fá a, wọ́n á tún fín in. Dídán. Ìdímú, gíláàsì, iná kékeré abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù: ká pè é ní fínfín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Àrẹògún á rẹ́rìn-ín.

Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ rè é. Ní Òsì, ẹni tó gbọ́rọ̀ lẹ́nu oníbàárà náà ló di àáké mú. Ní ilé iṣẹ́, ẹni tó ń gé pákó kò rí ilé ìdáná rẹ rí, kò sì ní rí i láéláé. Ìwé kékeré kan tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ló ń bá a sọ̀rọ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá parọ́, gbogbo ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ á fi ìdánilójú gé irọ́.

Mo mọ ilé kan tí èyí ti ṣẹlẹ̀. Ilé tèmi ni. Káfíńtà wọn ògiri kí a tó rẹ́ ẹ, kí a tó lẹ táìlì. Kọ́bọ́ọ̀dù dé, ó wuyì, kò wọlé. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré ni. A fá táìlì ẹ̀gbẹ́ kan kúrò, ojú àpá náà ṣì wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ṣé o mọ̀ pé ayùn ń jẹ pákó? Ní gbogbo ìgbà tó bá gé, bíi mìlímítà mẹ́ta á di ìyẹ̀fun. Ẹni tí kò bá ka ìyẹn mọ́ ìṣirò, pẹpẹ tó gé kẹ́yìn yóò kúrú.

Ṣé o mọ̀ pé obìnrin kan ló kọ́kọ́ ya ilé ìdáná tí wọ́n lè ṣe lọ́pọ̀ yanturu? Margarete Schütte-Lihotzky, ọmọ Austria, ni. Ní 1926 ló ṣe é fún ìlú Frankfurt ní Jámánì, wọ́n sì gbé bíi 10,000 wọ inú ilé àwọn òṣìṣẹ́. Kò fẹ̀ ju mítà 1.9 sí 3.4 lọ. Igi oaku ló fi ṣe dúrọ́ọ̀ ìyẹ̀fun, nítorí kòkòrò kì í fẹ́ràn rẹ̀. Obìnrin náà sì jẹ́wọ́ pé òun kì í dáná nígbà náà.

Ṣé o mọ̀ pé igi kì í fi bẹ́ẹ̀ súnkì ní gígùn? Ní ìbú ló ti ń ṣe é. Ọyẹ́ dé, ó súnkì. Òjò dé, ó wú. Nítorí èyí, bí wọ́n bá fi ojúlówó pákó ṣe ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó ní férémù, káfíńtà tó mọṣẹ́ kì í fi gúlú lẹ pákó àárín mọ́ férémù náà. Inú kòtò tó gbẹ́ sí férémù ló ń jẹ́ kó máa mí. Èyí tí wọ́n bá lẹ̀ pọ̀ gírígírí, ọyẹ́ Kwara á là á sí méjì.

Gbẹ́nàgbẹ́nà Òsì kì í dúró kí igi gbẹ, igi tútù ló ń gbẹ́ nítorí ó rọ ọ̀bẹ lọ́rùn. Ilé iṣẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù kò gbọ́dọ̀ dán irú rẹ̀ wò. Pákó tí kò gbẹ dáadáa yóò wọ́ lẹ́yìn tí oníṣẹ́ bá ti gbowó lọ.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn oníṣòwò igi káàkiri ayé ń sọ Yorùbá láìmọ̀? Ìrókò, ọ̀pẹ̀pẹ̀, ìdígbó, afàrà: báyìí ni wọ́n ń pè wọ́n ní London. Sapele, igi pupa tó ń dán tí wọ́n fi ń ṣe gìtá, ìlú Sapele ní Delta ló fún un lórúkọ.

Ìrókò, ikán kì í fẹ́ jẹ ẹ́. Àmọ́ eruku rẹ̀ máa ń mú kéèyàn sín, ó sì ń yún ara. Eruku igi ní gbogbogbòò kì í ṣe ohun àfiṣeré: àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. Ọmọ iṣẹ́ tó ń fá pákó láìbo imú ń ra àrùn ní ọ̀fẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìjọba amúnisìn gba gbẹ́nàgbẹ́nà ìbílẹ̀ síṣẹ́ olùkọ́? Bámigbóyè ti Odò-Ọwá ni, ní Òkè-Ẹ̀rọ̀. Ní àwọn ọdún 1930 ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Òmù-Àrán ní iṣẹ́ igi. Ère Ẹpa rẹ̀, tí èèyàn pọ̀ lórí rẹ̀ bí ọjọ́ ọjà, igi kan ṣoṣo ni wọ́n ti gbẹ́ ẹ jáde, ó sì lè wúwo ju kìlógírámù 20 lọ; ẹni tó gbé e sórí sì gbọ́dọ̀ fò gun òkìtì láìṣubú. Láti oṣù kẹsàn-án 2022 títí di oṣù kìíní 2023, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà ṣe odindi àfihàn fún iṣẹ́ ọwọ́ ọkùnrin yìí nìkan.

Bándélé, ọmọ Àrẹògún, gbé iṣẹ́ baba rẹ̀ lọ sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní nǹkan bí 1947, sọ́dọ̀ Carroll. Ibẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé. Fákẹ́yẹ ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Kátólíìkì ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti ère Odùduwà ní Ifẹ̀. Ó kú ní 2009.

Báyìí, bí o bá ń múra láti ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, jẹ́ kí wọ́n lẹ táìlì tán kí ẹnikẹ́ni tó na téèpù. Má gba bóòdù oníyẹ̀fun igi lábẹ́ síńkì, omi á mú un wú bí àkàrà. Bóòdù tí wọ́n ń pè ní marine ni kí o béèrè. Bí ó bá sì jẹ́ pé Òsì tàbí Ìlọ́fà lo kọ́lé sí, má ṣe jẹ́ kí gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ dà bí èyí tó ti China wá. Wá ẹni tó lè di ọ̀bẹ mú, kó gbẹ́ nǹkan sára ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn, kódà bó jẹ́ ọ̀kadà.