Ọ̀pá Méje Fún Ibùsùn Àsorọ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣe É Tí Kò Fi Ní Wó

Nígbà tí ọ̀sán bá pọ́n, tí a ti kọ ebè dé ìdajì, ó di dandan kí ara sinmi. Púpọ̀ nínú wa ni ó máa ń tẹ́ àpò sí ilẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà kí ó tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Ṣùgbọ́n èèrùn wà ní ilẹ̀, ọ̀rinrin wà níbẹ̀, ejò àti àkekèé kò sì jìnnà. Ibùsùn àsorọ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní hámọ́ọ̀kì, lè gbà wá lọ́wọ́ nǹkan wọ̀nyí. Aṣọ líle ni, tí a fi okùn so ní ìpẹ̀kun méjèèjì, tí ènìyàn sì ń sùn sí àárín rẹ̀.

Igi méjì tí ó dúró nítòsí ara wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń so ó mọ́. Níbo ni ẹni tí ó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ yóò ti rí irú igi bẹ́ẹ̀? Ẹ mọ̀ pé onílẹ̀ kì í sábà fẹ́ kí àlejò gbin igi sí ilẹ̀ òun, nítorí lójú rẹ̀, ẹni tí ó gbin igi ń wí pé òun kò lọ mọ́. Ilẹ̀ pàápàá a sì máa yí ọwọ́ padà. Ẹ wo Màítámà ní Àbújá. Kí ìjọba tó fi òfin dá agbègbè olú-ìlú àpapọ̀ sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún 1976, oko àti abúlé àwọn Gbàgyí ni ó wà ní àyíká ibẹ̀. Lónìí, ilé àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè òkèèrè àti hòtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ni a ń rí níbẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ èyí yóò fẹ́ràn ohun tí òun lè tú, tí òun lè dì, tí òun sì lè rù lọ.

BÍ TÈMI ṢE WÓ

Kí n tó kọ́ ẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú ara mi. Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, orí rẹ̀ ni mo dì títí okùn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo dùbúlẹ̀ sínú rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan. Kò pẹ́ tí ẹsẹ̀ ọ̀pá kan fi yọ̀, gbogbo rẹ̀ sì wó lulẹ̀. Ọ̀pá òkè já bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí ọmọ mi tí ó ń ṣeré nítòsí. Bí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ kan sún mọ́ ọn sí i ni, ọ̀rọ̀ mìíràn ni à bá máa sọ.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, mo lọ ra àlòkù ọparun ní ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Màítámà, nítorí ọparun ni àwọn kọ́lékọ́lé fi ń gbé pákó dẹ́kì ró títí kọnkéré yóò fi gan. Àgbà káfíńtà kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, gbọ́ ìtàn mi, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Tíṣà, orí ni ẹ dì, ẹsẹ̀ ni ó yọ̀. Ẹ wo àwọn ọ̀pá wa yìí, ẹ ò rí i bí a ṣe fi igi dè wọ́n mọ́ra kí wọ́n má baà sá?” Mo ní, “Ẹ ṣeun, baba, mo ti gbọ́.” Lórí ọ̀rọ̀ yìí ni gbogbo ẹ̀kọ́ òní dúró: ẹni tí ó bá di orí tí kò di ẹsẹ̀, kò tíì ṣe nǹkan kan.

OHUN TÍ A NÍLÒ

Ọ̀pá ẹsẹ̀ mẹ́fà, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 àbọ̀, tí ó sì nípọn tó ọrùn ọwọ́ ọkùnrin. Ọ̀pá òkè kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, tí ó nípọn tó ínṣì 3. Okùn náílọ̀n tí ó tó ìka ọwọ́, nǹkan bí mítà 35. Aṣọ kàńfáàsì tàbí aṣọ òwú líle, ẹsẹ̀ bàtà 9 ní gígùn, 5 ní ìbú.

Bí ó bá jẹ́ ọparun ni ẹ fẹ́ gé, èyí tí ó ti lò tó ọdún mẹ́ta ni kí ẹ mú. Èyí tí ó ṣì kéré máa ń tutù yọ̀yọ̀, ìyẹ̀fun funfun a sì wà ní ara rẹ̀. Èyí tí ó gbó ti bọ́ èèpo rẹ̀ sílẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń ṣì. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ gé e, nítorí oúnjẹ tí kòkòrò ń wá nínú rẹ̀ kì í pọ̀ nígbà náà. Ẹ gé e kí oríkèé kan wà nítòsí ìpẹ̀kun ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, kí okùn má baà yọ́ bọ́. Bí ó bá jẹ́ àlòkù ni, ẹ wò ó yí ká: èyí tí ó ti sán, tàbí tí ìṣó ti dá lu káàkiri, igi ìdáná ni. Ẹ má kan ìṣó mọ́ ọparun rárá. Okùn ni kí ẹ lò, tàbí rọ́bà túúbù táyà tí a gé tẹ́ẹ́rẹ́.

BÍ A ṢE Ń ṢE É

Èkínní: Ẹ to ọ̀pá ẹsẹ̀ mẹ́ta sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ní ínṣì 6 sí orí wọn, ẹ so okùn mọ́ ọ̀kan, kí ẹ sì máa hun ún bí ẹni hun apẹ̀rẹ̀: lórí ọ̀kan, lábẹ́ èkejì, lórí ẹ̀kẹta, kí ẹ sì padà. Ẹ ṣe é ní ìgbà mẹ́fà. Lẹ́yìn náà, ẹ gba àárín ọ̀pá méjì-méjì kọjá ní ìgbà méjì, kí ẹ fi fún okùn àkọ́kọ́ lọ́rùn, kí ẹ tó ta kókó. Ìfúnlọ́rùn yìí ni kì í jẹ́ kí ó dẹ̀. Ẹ ṣe ọ̀pá mẹ́ta yòókù bákan náà.

Èkejì: Ẹ gbé wọn dìde, kí ẹ sì ya ẹsẹ̀ wọn. Àárín ẹsẹ̀ kan sí èkejì yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Ẹsẹ̀ mẹ́ta a máa dúró dáadáa níbi tí ilẹ̀ kò ti tẹ́jú pàápàá. Ẹsẹ̀ kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò kọjú sí òde, kí ó má baà dí ibi tí ènìyàn yóò sùn.

Ẹ̀kẹta: Ẹ fi okùn kan de ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́ra yí ká, ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ilẹ̀, kí ẹ sì ta kókó mọ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Okùn yìí ni èmi kò ní ní ọjọ́ náà. Lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ fi àlòkù sálúbàtà rọ́bà sí abẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Lórí ilẹ̀ oko, ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó ìka kan.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ gbé ọ̀pá òkè lé orí méjèèjì, ní ibi tí ọ̀pá ti pàdé, kí ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan fi ẹsẹ̀ bàtà kan yọ síta. Ẹ dì í mọ́ ibẹ̀ pinpin. Bí ibùsùn bá ń fa orí méjèèjì súnmọ́ra, ọ̀pá yìí ni yóò yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí ẹ bá rí i pé ó ń tẹ̀, ẹ di ọ̀pá kejì mọ́ ọn lára ní ibi mẹ́rin.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ ká orí aṣọ jọ, ẹ dì í, kí ẹ sì fi okùn so ó mọ́ ọ̀pá òkè nítòsí orí ẹsẹ̀ méjèèjì.

MÁ ṢE FÀ Á LE JÙ

Àwọn kan rò pé bí aṣọ bá ṣe le tó ni yóò ṣe lágbára tó. Òdìkejì rẹ̀ ni òótọ́. Bí àárín ìgbékọ́ bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10, ẹ jẹ́ kí aṣọ sọ̀ kalẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Ní bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wọn kílò 70 kò ní fa okùn kọ̀ọ̀kan ju nǹkan bí kílò 70 lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fà á títí tí ó fi sọ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan péré, ẹni yìí kan náà yóò fa okùn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára tí ó súnmọ́ kílò 180. Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́ta lọ! Okùn á já, tàbí kí ọ̀pá òkè dá.

Kí ẹnikẹ́ni tó sùn sí i, ẹ kó ìyanrìn sínú àpò títí yóò fi tó ìlọ́po méjì ẹni tí yóò lò ó, ẹ gbé e síbẹ̀ fún ìdajì ọjọ́, kí ẹ sì tún gbogbo okùn fún. Lẹ́yìn èyí, ẹ máa fọwọ́ tọ́ kókó wò ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan.

NÍGBÀ ÀÌSÀN

Oore mìíràn wà nínú ọ̀pá òkè yìí. Ní ayé ìjọba amúnisìn, kí mọ́tò tó pọ̀, inú irú ibùsùn yìí ni àwọn aláàárù máa ń gbé òyìnbó ajẹ́lẹ̀ sí láti ìlú dé ìlú. Títí di òní, ní àwọn abúlé kan ní Làìbéríà àti Sàró tí mọ́tò kò lè dé, òun ni wọ́n fi ń gbé aláboyún tí ó ń rọbí àti aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn. Àwa náà mọ bí òjò ṣe ń ba ọ̀nà oko wa jẹ́. Bí irú rẹ̀ bá dé, ẹ tú ọ̀pá òkè kúrò lórí ẹsẹ̀, pẹ̀lú ibùsùn lára rẹ̀, kí ènìyàn méjì gbé e lé èjìká dé ojú títì, kí méjì mìíràn sì tẹ̀lé wọn láti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó já bọ́ láti orí igi, tí ẹ fura pé ẹ̀yìn tàbí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ẹ má gbé e sí i. Orí pákó gbọọrọ ni kí ẹ tẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú: ẹ má fi ìkókó sílẹ̀ kí ó sùn nínú ibùsùn àsorọ̀. Aṣọ náà lè ká a kò, kí àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà, kí èémí má sì jáde dáadáa. Ìdùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn, lórí ibi tí ó tẹ́jú tí ó sì le díẹ̀, ni ó yẹ ọmọ ọwọ́. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọdé fi í ṣe jangirọ́fà.

Bí ẹ bá fẹ́ kó kúrò, ẹ tú okùn, ẹ di ọ̀pá méjèèje papọ̀, kí ènìyàn méjì sì rù ú. Ẹ má fi sílẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, kí ikán má baà jẹ ẹ́. Bí okùn híhun bá rú ẹnikẹ́ni lójú, kí ó yà sí ọ́fíìsì mi ní ọjọ́ ọjà. Tèmi wà ní ìdúró níbẹ̀, okùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì pé. Oko kò ní pa yín lára o.