Ẹ̀jẹ̀ Ìkókó àti Káńfọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa ní Ọ̀jọ́ àti Ìba, ìwádìí kan láti Ìbàdàn kàn yín. Ní 1969, Dókítà Lucio Luzzatto, ará Ítálì, pẹ̀lú Usanga àti Reddy, tẹ̀ ẹ́ jáde pé kòkòrò ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbèrú nínú ẹ̀jẹ̀ tí èròjà G6PD kò tó nínú rẹ̀. Àbùkù àbímọ́ni yìí wọ́pọ̀ láàárín wa, pàápàá lára ọkùnrin. Ṣùgbọ́n irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò gba káńfọ̀: èyí tí ó wà lára aṣọ lásán lè bà á jẹ́, kí ibà pọ́njú sì dé. Ẹ má ṣe kó káńfọ̀ sáàárín aṣọ ìkókó, bí ó ti wù kí aáyán pọ̀ tó. Bí funfun ojú ọmọ bá pọ́n bí ọsàn, ẹ má dúró de oòrùn àárọ̀. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá wọ ọpọlọ, ó lè sọ ọmọ di adití, tàbí kí ó pa á.