Ibojì Carqueiranne

Ẹ̀yin ará wa ní Bassila àti Manigri, bí ẹni wa bá kú sí ìdálẹ̀, tí òkú rẹ̀ kò ṣe é gbé wálé, irun àti èékánná rẹ̀ la máa ń bèèrè.

Ọjọ́ 31 oṣù keje, 1944, ni Antoine de Saint-Exupéry, tí ó kọ Le Petit Prince, wa ọkọ̀ òfuurufú ológun kúrò ní Corsica. Kò padà. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, a rí òkú kan nínú òkun Marseille, tí aṣọ rẹ̀ ní àmì Faransé. Wọ́n sin ín sí Carqueiranne láìmọ orúkọ rẹ̀. Lójú tiwa, wọ́n ṣe bí ẹbí.

Ní 1998, àwọ̀n apẹja kan gbé ẹ̀gbà ọwọ́ fàdákà Antoine jáde, pẹ̀lú orúkọ Consuelo ìyàwó rẹ̀ lára rẹ̀. Consuelo ti kú ní 1979.