Kí Ẹgbẹ́ Tó Fọwọ́ Síwèé

Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2018, òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Benin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti yanṣẹ́lódì ju ọjọ́ 10 lọ lọ́dún. Òfin 2018-34 ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn aṣòfin tó ń jókòó ní Àjàṣẹ́, ìlú tí Ouando wà nínú rẹ̀, ló sì dìbò fún un: kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 7 lọ láàárín oṣù mẹ́fà, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 2 lọ lóṣù. Òṣìṣẹ́ ìlera kò tilẹ̀ ní ọjọ́ kankan. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ló ṣáájú òfin yìí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fi wà ní títì, ẹ̀rù sì ń ba àwọn òbí pé ọdún ẹ̀kọ́ náà yóò ṣòfò. Àwọn kan gbà pé òfin náà ti pa síńdíkà. Èmi kò gbà. Ohun kan ṣẹ́kù tí kò fọwọ́ kàn, ìyẹn ẹ̀tọ́ ọmọ ẹgbẹ́ láti gbé ohun tí agbanisíṣẹ́ fi lọ̀ wọ́n yẹ̀ wò, kí wọ́n sì gbà á tàbí kí wọ́n kọ̀ ọ́ fúnra wọn. Nítorí pé ọjọ́ ìyanṣẹ́lódì ti kéré ni ìpinnu yìí kò fi yẹ kó mọ sọ́wọ́ àwọn aṣíwájú díẹ̀. Ìdìbò ìkọ̀kọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ ló yẹ kó ṣe é.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ní ọjà Ouando, ẹni tó ń tajà tó sì mọ̀ pé oníbàárà kò ríbi mìíràn lọ kì í dínwó. Agbanisíṣẹ́ tó mọ̀ pé ọjọ́ méjì péré ni iṣẹ́ lè dúró lóṣù wà ní irú ipò yẹn. Àfi bó bá mọ̀ pé ẹni tó jókòó síwájú òun kò lè fọwọ́ síwèé láìjẹ́ pé ó padà sọ́dọ̀ ẹgbẹ́, pé ẹgbẹ́ náà sì lè sọ pé rárá.

Ẹ wo àwọn òṣìṣẹ́ Boeing, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, bí 33,000, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, àwọn aṣíwájú wọn fúnra wọn ló rọ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba àfikún owó 25% tí yóò tàn káàkiri ọdún mẹ́rin. Ó lé ní 94 nínú ọgọ́rùn-ún tó kọ̀. Ní oṣù Kẹwàá, ilé iṣẹ́ gbé e dé 35%. 64% tún kọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kọkànlá, ó di 38%, 59% sì gbà. Mi ò ní fi ẹ̀yìn rẹ̀ pamọ́: ó lé ní ọ̀sẹ̀ méje tí wọ́n fi yanṣẹ́lódì láìrówó oṣù gbà, owó ìfẹ̀yìntì àtijọ́ tí wọ́n ń jà fún kò sì padà. Ṣùgbọ́n àwọn tó jìyà náà ni wọ́n dìbò pé ó tó.

Ní Nàìjíríà lọ́dún kan náà, 494,000 náírà ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń béèrè ní oṣù Karùn-ún fún owó oṣù tó kéré jù. Ní oṣù Keje, àwọn aṣíwájú gba 70,000 lọ́wọ́ Ààrẹ Tinubu. Òṣìṣẹ́ kò dìbò lórí rẹ̀. Nígbà tí owó epo bẹntiróòlù gbéra ní oṣù Kẹsàn-án, Joe Ajaero tó jẹ́ ààrẹ àjọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ NLC sọ pé ìjọba da àwọn, pé nítorí kí epo má baà wọ́n ni àwọn ṣe gba iye kékeré. Ká ní wọ́n gbé e wá síwájú ìpàdé gbogbogbòò, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan béèrè ibi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ epo náà sí.

Àwọn kan á ní ọmọ ẹgbẹ́ lásán kò mọ ìṣirò, pé ariwo ni wọn yóò fi dìbò. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí owó oṣù tó kéré jù ní Benin kúrò ní 40,000 sẹ́ẹ̀fà sí 52,000 ní oṣù Kìíní 2023, 30% dùn létí. Ṣùgbọ́n ọdún 2014 ni wọ́n ti fi 40,000 lélẹ̀. Bí a bá pín 30% náà sórí àwọn ọdún tó wà láàárín, kò tó 4% lọ́dún. Ìṣirò yìí kò ju ohun tí ìyá olóúnjẹ ń ṣe lójoojúmọ́ lọ. Ohun tó ń dí òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ni pé èdè Faransé ni wọ́n kọ ìwé àdéhùn sí, nígbà tó jẹ́ pé Yorùbá àti Gùn ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ronú. Ẹ tú u, ẹ kà á sókè, ẹ fi àfikún owó sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ẹ fi ohun tí agbanisíṣẹ́ ń gbà padà sí èkejì, bí wákàtí iṣẹ́ àti owó ọkọ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni pé ìdìbò ń fa àkókò gùn, agbanisíṣẹ́ sì lè yí ọkàn padà. Òótọ́ ni. Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ fi gbèdéke sí i kí ìdúnàádúrà tó bẹ̀rẹ̀, kí agbanisíṣẹ́ náà sì gbọ́: ọjọ́ mẹ́ta fún kíkà, ọjọ́ kan fún ìdìbò, ìwé kékeré nínú àpótí, kí ọ̀gá ibi iṣẹ́ má baà mọ ẹni tó kọ̀. Agbanisíṣẹ́ tí kò lè dúró fún ọjọ́ mẹ́rin lórí àdéhùn tí yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, ó yẹ ká bi í léèrè ohun tó ń lé e.